Kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà mẹ́ta lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń tẹ àmì ohùn: Q1 Max, Air75 V2 àti ROG Azoth

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Yorùbá ni mò ń tẹ̀, pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́, torí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi kì í gba "oko" níbi tó yẹ kí "ọkọ̀" wà. Tó bá wá di alẹ́, èmi àti àbúrò mi a jókòó ti géèmù ìyìnbọn Counter-Strike 2. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjèèjì fún mi, kò sì gbọdọ̀ gba gbogbo orí tábìlì, torí tábìlì mi ò fẹ̀.

Kí n tó dárúkọ kíbọ́ọ̀dù kankan, ẹ jẹ́ ká ka bọ́tìnnì ná. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí kò le rárá, "ọ̀rọ̀" fúnra rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni. Lórí Keyman, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ lẹ́tà Yorùbá, bí mo ṣe tò ó fúnra mi, mo ní láti di Alt apá ọ̀tún mú kí n tó tẹ o kó tó lè di ọ, màá tún di Alt yẹn mú kí n tó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ìtẹ̀ mẹ́rin nìyẹn fún ọ̀ kan ṣoṣo. Tí mo bá fi máa tẹ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ti di mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́ta, ìtẹ̀ mẹ́ta, ó parí.

Níbo wá ni Alt apá ọ̀tún yìí wà lórí kíbọ́ọ̀dù kékeré? Wọ́n ti fún òun, Fn àti Ctrl mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì gbọọrọ tó ń fi àyè sílẹ̀, kí àwọn ọfà mẹ́rin lè ráyè dúró sí. Àtàǹpàkò ọ̀tún ní láti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ kó tó bá a. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà kí ẹ wá wo bí oríkèé àtàǹpàkò yẹn ṣe máa rí lára yín lálẹ́. Àwọn tó ń yẹ kíbọ́ọ̀dù wò kì í sọ̀rọ̀ nípa èyí. Wọn ò jẹ̀bi, wọn kì í tẹ Yorùbá. Ṣùgbọ́n fún èmi, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ṣé mo lè sọ fún kíbọ́ọ̀dù yìí pé kó gbé bọ́tìnnì kan kúrò níbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí, kó má sì gbàgbé?

Ohun kejì tí mò ń wò, ìyà ló kọ́ mi. Kíbọ́ọ̀dù kékeré tí mo kọ́kọ́ rà, ọwọ́ òǹtajà kan ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Oṣù mẹ́fà ò tíì pé tí bọ́tìnnì E fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ "ẹja", ó kọ "ẹẹja". Mo fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ lálẹ́, oníbàárà dá a padà láàárọ̀, ó fi pupa yí ẹẹ mẹ́tàdínlógún po. Ó dùn mí wọra, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka iṣẹ́ náà kí n tó fi ránṣẹ́. Atúnṣe tí mo gbé e lọ bá tú u, ó sì fi hàn mí: wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo súíìṣì mọ́ pátákó inú rẹ̀. Bó bá yọ ọ̀kan, ó lè ba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí kíbọ́ọ̀dù odindi ṣe di ohun à ń fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí lẹ́tà kan nìyẹn.

Súíìṣì ni ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan: ike, sípíríǹgì, àti irin pẹlẹbẹ méjì tó ń fẹnu kanra. Irú èyí tí Cherry ti Jámánì gbé jáde láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń wò ṣe tiwọn títí dòní. MX Red wọn, bí àpẹẹrẹ, ń fẹ́ agbára gíráàmù 45, ó ń jíṣẹ́ nígbà tó bá wọlẹ̀ tó mìlímítà 2, ó sì ń kanlẹ̀ ní 4. Lórí kíbọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mò ń sọ yìí, a lè fi irin kékeré tó bá a wá fa súíìṣì yọ, ká ti òmíràn bọ̀ ọ́, láìjó nǹkan kan. Èyí tí kò bá ní i, mi ò ní náwó sí i mọ́.

Keychron Q1 Max ni mo ti lò pẹ́ jù, òun ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi báyìí. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 75%: wọ́n gé pátákó nọ́ńbà apá ọ̀tún sọnù, wọ́n fi ìlà F1 sí F12 àti ọfà mẹ́rin sílẹ̀. Àwọn tó kéré jù ú lọ, 60%, gé ọfà pẹ̀lú. Ẹni tó ń padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú ìlà kan láti tún àmì ohùn ṣe kò lè bá wọn gbé. Alumíníọ̀mù ni gbogbo ara Q1 Max, ó wúwo ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ. Tí ẹ bá gbé e lé tábìlì, ibẹ̀ ló wà, kò ní yẹ̀ bó ti wù kí ọwọ́ yá tó. Ìró rẹ̀ jinlẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ọmọ ayò bá ń bọ́ sínú ihò ọpọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ìró yẹn débi pé mo máa ń pa rédíò kí n lè máa gbọ́ ọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ ẹ, VIA ni, ètò tí a fi ń yí iṣẹ́ bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù padà. Mo fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣí VIA nínú Chrome, mo gbé fáìlì JSON tí ilé iṣẹ́ náà kọ fún un sí i, àwòrán kíbọ́ọ̀dù náà sì yọ. Mo tẹ Caps Lock lórí àwòrán, mo yan Alt apá ọ̀tún. Ó tán. Caps Lock tí mi ò lò rí láyé mi di Alt, lábẹ́ ìka ọmọńdinrín òsì, níbi tí ọwọ́ sinmi sí. Báyìí, màá di í mú lẹ́ẹ̀kan, màá tẹ o, màá tẹ àmì, màá tú u sílẹ̀. Ìtẹ̀ mẹ́sàn-án "ọ̀rọ̀" di méje, àtàǹpàkò mi kò sì ká mọ́. Inú kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni àyípadà náà ń gbé, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà. Mo gbé e láti ara Windows tí mo fi ń ta géèmù lọ sí ara Linux tí mo fi ń ṣiṣẹ́, bákan náà ló rí. Kí ó yé yín ṣá o: kíbọ́ọ̀dù kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Ibi tí bọ́tìnnì wà nìkan ló lè yí padà. Kọ̀ǹpútà ló ń ya lẹ́tà, nítorí náà ẹ ṣì ní láti fi Keyman tàbí ètò Yorùbá mìíràn sí i.

Ohun kan gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi, kó má baà gba tiyín. Bọ́tìnnì kan tó ń sún wà lẹ́yìn rẹ̀ fún Mac àti Windows. Ìpele mẹ́rin ni VIA to iṣẹ́ àwọn bọ́tìnnì sí: ìpele 0 àti 1 jẹ́ ti Mac, 2 àti 3 jẹ́ ti Windows. Ìpele 0 ni mo ń yí ní gbogbo ìgbà tí bọ́tìnnì yẹn wà lórí Windows, mo tẹ Caps Lock tìtì, kò yí padà. Ìgbà tí mo yí ìpele 2 ló gbọ́.

Ní ti géèmù, ẹ gbàgbé Bluetooth. Lórí Bluetooth, ìgbà 90 ni Q1 Max ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 11 lè wà láàárín ìròyìn kan sí èkejì. Tí a bá lo 2.4G, ìyẹn ègé kékeré tí a ń tì bọ ihò USB, ìgbà 1000 ni, mílísẹ́kọ́ńdì kan. Nínú Counter-Strike, ẹni tó ń sáré lọ sí òsì pẹ̀lú A ní láti tẹ D fìrí kó lè dúró ṣinṣin kó tó yìnbọn. Àárín A àti D yẹn ni 11 àti 1 ti yàtọ̀. Àbúrò mi kò mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà yìí. Mo yí i sí Bluetooth lọ́jọ́ kan láìsọ fún un, ìdíje kejì ò tíì parí tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí kíbọ́ọ̀dù yìí?" Ẹ má sì ti ègé 2.4G yẹn bọ ihò USB 3.0 ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà nítòsí ẹ̀rọ Wi-Fi, wọ́n máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. Okùn USB kúkúrú ni mo fi mú tèmi wá sórí tábìlì.

Tí wọ́n bá mú iná lọ tí kọ̀ǹpútà ńlá kú, màá sún bọ́tìnnì ẹ̀yìn láti 2.4G sí BT, màá tẹ Fn àti 1, ó ti bọ́ sórí láptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ ń lọ. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 4000 mAh. Pẹ̀lú gbogbo iná abẹ́ bọ́tìnnì ní pípa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lò ó kí n tó ṣájì.

NuPhy Air75 V2 ni mo ń gbé rìn. 75% lòun náà, ó gba VIA, ó ní 2.4G oní-1000, ṣùgbọ́n ó pẹlẹbẹ, kò sì tó kílò kan. Ó wọ àpò láptọ́ọ̀pù wẹ́rẹ́. Nínú ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn sí Èkó, mo gbé e lé orí kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù gan-an, lórí itan mi, mo sì tẹ ojú ìwé mẹ́rin. Torí pé kò ga, ọrùn ọwọ́ kì í tẹ̀ sókè, mo sì rí i pé ó rẹ̀ mí kéré sí i lórí rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Bí ẹ kò bá ń ta géèmù rárá, òun ni kí ẹ rà. Ibi tó ti dín kù fún mi ni pé súíìṣì pẹlẹbẹ ló ń lò, èyí tí gbogbo ayé ń lò fún kíbọ́ọ̀dù gíga kò wọ ihò rẹ̀. Ìró rẹ̀ náà fẹ́lẹ́, bí òjò wínníwínní lórí páànù.

Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní ROG Azoth ti Asus fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun ẹlẹ́wà ni. Ojú kékeré OLED wà ní igun rẹ̀, rọ́bà wà nínú tó jẹ́ kí bọ́tìnnì rọ̀ lábẹ́ ìka, wọ́n fi òróró àti búrọ́ọ̀ṣì sínú páálí kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi òróró sí súíìṣì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Asus sọ pé ó lè lo wákàtí 2000 lórí 2.4G tí a bá pa iná àti OLED. Ká ní géèmù nìkan ni mò ń ta ni, n kò ní wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n Armoury Crate, ètò Asus fúnra wọn, ni wọ́n fi ń tò ó nígbà náà, Windows nìkan ni ìyẹn sì wà fún, bẹ́ẹ̀ Linux ni mo fi ń jẹun. Mo dá a padà fún un pẹ̀lú ọpẹ́.

Azoth ń lọ sí nǹkan bí 250 dọ́là, Q1 Max nǹkan bí 200, Air75 V2 lé díẹ̀ ní 100, kí a tó san owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Owó ńlá ni, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mú láptọ́ọ̀pù yín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹ ṣí ojú ewé òfìfo, ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ọgbọ̀n, kíákíá, kí ẹ sì ka lẹ́tà tó jáde. Tí ọ̀kan bá jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, súíìṣì rẹ̀ ti ń kú lọ, ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ọwọ́ lè fà á yọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Bọ́tìnnì E ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.