Ọ̀pá fóltéèjì gíga fún ìdánwò niútírọ́ọ̀nù: ẹ gba èyí tó ní agolo

Ẹ̀yin ará físíìsì Abẹ́òkúta tí ẹ ń múra láti gbé kírísítálì lọ síbi niútírọ́ọ̀nù, ìbáà jẹ́ ibùdó ìwádìí ILL ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, tàbí ISIS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá yìí ló ń gbé fóltéèjì wọ inú kíráyósítáàtì (ẹ̀rọ tó ń mú kírísítálì tutù gan-an). Oríṣi kan fi kírísítálì sílẹ̀ gbayawu sínú gáàsì. Èkejì fi agolo alumíníọ̀mù bò ó, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú agolo náà jáde. Èkejì ni kí ẹ béèrè fún.

Hílíọ́ọ̀mù, gáàsì inú kíráyósítáàtì, ló fà á. Òun ló ń gbé òtútù dé ara kírísítálì, ṣùgbọ́n iná tètè máa ń là á kọjá. Nínú yàrá lásán, bí ìfúnpá rẹ̀ bá wà ní nǹkan bíi mílíbáà 5, tí àlàfo sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, fóòtì (volt) tí kò pé 200 ti tó kí iná ta. Ìdí nìyí tí ọ̀pá tó gbé fóòtì 3,000 lórí tábìlì láìsí wàhálà fi ń ta pàrà nínú kíráyósítáàtì. Nínú agolo tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáadáa, fóòtì 5,000 lè dúró lórí kírísítálì tó nípọn mílímítà 1, bí etí elektíródù (irin tó ń gbé iná dé ara kírísítálì) kò bá ní ṣóńṣó.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò tètè tutù: bàbà àti pẹlẹbẹ sáfáyà (òkúta tí kì í jẹ́ kí iná kọjá) nìkan ni ooru ń gbà jáde. Tẹmómítà orí bàbà lè sọ pé kélífínì 2 ni, kí kírísítálì ṣì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi tẹmómítà kejì sí elektíródù tó so mọ́ éàtì (wáyà ilẹ̀), ẹ má fi sí ti fóltéèjì láé, kí ẹ sì dúró títí píìkì Bragg (ibi tí niútírọ́ọ̀nù tó ń ta kúrò lára kírísítálì ti pọ̀ jù) kò fi ní yẹ̀ mọ́.

Ẹ tú u wò kí ẹ tó gbà á. Bí ohun tó ń dènà iná bá jẹ́ Macor (oríṣi sẹ̀rámíìkì kan), ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀: bórọ́nì inú rẹ̀ ń gbé niútírọ́ọ̀nù mì. Gúlúù epoxy náà ní háídírójìn tó ń tú niútírọ́ọ̀nù ká; ẹ má lò ju ẹ̀kán kan lọ.

Lásìkò òjò níbí, ọ̀rinrin máa ń bà lé sáfáyà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọtí isopropyl nù ún, kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi òpin kọ́rẹ́ǹtì sí máíkíró-ámpíà díẹ̀, kí ẹ máa fi fóòtì ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún gòkè. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá ń rọra pọ̀ sí i nígbà tí fóltéèjì dúró sójú kan, ọ̀rinrin tàbí ìdọ̀tí ni. Bó bá fò sókè tó já wálẹ̀, iná ló ta. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, ẹ má fọwọ́ kàn án, iná ṣì lè wà nínú wáyà. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà éàtì kan elektíródù náà.