Ráútà kékeré tó gbẹrù lórí láptọ́ọ̀pù mi

Kí n tó ra ráútà yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kan fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, láptọ́ọ̀pù mi ló ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé. Wáyà módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tan hotspot orí láptọ́ọ̀pù náà, àwọn yòókù ń gbà á níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ bí mo bá ṣèèṣì pa á dé pẹ́nrẹ́n, ariwo á ta láti yàrá kejì: "Dádì, ẹ ti tún pa á!" Láptọ́ọ̀pù tí mo rà pé kí n máa gbé kiri wá di ohun tí a kàn mọ́ tábìlì.

Ráútà náà kò tóbi, eríàlì méjì ló ní. Ihò márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan tí wọ́n kọ WAN sí, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, àti LAN mẹ́rin fún àwọn kọ̀ǹpútà.

Páálí ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ń tò ó. Ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ni èmi fi tò ó. Gbogbo iná rẹ̀ tàn, fóònù rí Wi-Fi rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ojú ìwé kan tó ṣí. Mo pa á, mo tàn án, mo pààrọ̀ wáyà, pàbó ló já sí. Ìgbà tí mo wo àdírẹ́sì, nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀, ni ojú mi tó là: 192.168.1.1 ni módẹ́ẹ̀mù mi ń jẹ́, 192.168.1.1 náà ni ráútà ń jẹ́! Ilé méjì, nọ́ńbà kan ṣoṣo, ní àdúgbò kan náà. Èwo ni kí lẹ́tà wá wọ̀? Mo yí ti ráútà sí 192.168.2.1, mo tún un tàn, ni fóònù mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti há sọ́nà ń wọlé. Àwọn ráútà kan máa ń rí irú èyí fúnra wọn. Tèmi kò rí i, ìwé ìlò rẹ̀ kò sì mẹ́nu bà á rárá. Ó bí mi nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí wàhálà mọ́. Kọ̀ǹpútà méjì, fóònù mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló wà lórí rẹ̀, òun ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù: kò sẹ́ni tó ń gbé fláàṣì kiri ilé mọ́ tìtorí ìwé ojú kan.

Ní ti Wi-Fi, ìgbì méjì ló ní, 5 GHz àti 2.4 GHz. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri kì í jẹ́ kó lọ jìnnà. Yàrá ẹ̀yìn, 2.4 GHz nìkan ló ń débẹ̀, ó sì kọ́kọ́ ń fà bí ìgbín, torí Wi-Fi àwọn aládùúgbò ti kún orí chánẹ́ẹ̀lì 6, ìyẹn ọ̀nà kan lára àwọn ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà. Mo gbé tiwa lọ sí 11, mo sì gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dáa díẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní gan-an rèé. Wọ́n kọ 1200, àròpọ̀ ìyára Wi-Fi rẹ̀ ní Mbps (mílíọ̀nù bíìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), gàdàgbà sára páálí, ojú mi sì wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé 100 Mbps péré ni ihò LAN kọ̀ọ̀kan. Íntánẹ́ẹ̀tì wa kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò yọ ẹni tó ń wo nǹkan lórí rẹ̀ lẹ́nu. Àmọ́ mo fẹ́ fi wáyà kó fídíò 8 GB láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, ó gbà mí ní bí ìṣẹ́jú méjìlá, kò kọjá 11 MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan (bíìtì mẹ́jọ ló ń jẹ́ báìtì kan, nítorí náà 100 Mbps kò ju bí 12 MB lọ). Wáyà ni mo kọ́kọ́ bú. Mo tiẹ̀ ra tuntun! Bó bá jẹ́ ihò Gigabit (1000 Mbps) ni, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni ì bá gbà.

Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ fẹ́ pín, ẹ rà á, kẹ́ ẹ sì yí pásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń kó fáìlì ńlá láàárín kọ̀ǹpútà, ẹ wá èyí tó ní Gigabit lára gbogbo ihò rẹ̀. Èmi ṣì ń lo tèmi. Láptọ́ọ̀pù mi ti wà nínú báàgì láti àárọ̀, kò tíì sẹ́ni tó pariwo orúkọ mi.