Courage tàbí bravery: èwo ni ká kọ?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì a máa bi mí pé, bí àwọn bá ń túmọ̀ ìtàn ogun Kírìjì (1877 sí 1893) sí Gẹ̀ẹ́sì, èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni kí àwọn lò fún ìgboyà.

Courage wọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú èdè Faransé àtijọ́ ní nǹkan bí ọdún 1300, orísun rẹ̀ sì ni cor, ọ̀rọ̀ Látìnì fún ọkàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì "láyà" tiwa, nítorí inú àyà ni àwa náà fi ìgboyà sí. Bravery dé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà kan rí ó sì tún túmọ̀ sí fáàrí àti aṣọ ìgbéraga, èyí tí ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Brave rọrùn láti kọ sílẹ̀ ju courageous lọ. Ṣùgbọ́n ìṣe tí ojú rí ni bravery sábà máa ń tọ́ka sí, nígbà tí courage gba ìfaradà tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ra.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ ti idà tí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú Èkìtì nínú ogun náà, yọ, bravery bá a mu. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn ìyá tó tọ́ ọmọ la ogun ọdún 16 já, courage ni èmi yóò kọ.