Sikéètì Onítáyà: Èyí Tó Tẹ́jú Àbí Èyí Tó Tẹ̀, Èwo Ló Bá Ọ̀nà Èkìtì Mu?

Bí ẹ bá ń wá sikéètì, bàtà onítáyà tí wọ́n fi ń sáré, rà l'Adó-Èkìtì, yálà tuntun ni o tàbí tòkunbọ̀, ẹ má tíì wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wo bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe tò. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan tẹ́jú, gbogbo táyà rẹ̀ ló ń kanlẹ̀. Èkejì rí bí ìdí ìkòkò: táyà àárín ló kanlẹ̀, tiwájú àti tẹ̀yìn gbé sókè díẹ̀.

Lára irin abẹ́ bàtà àwọn tó ń sáré lórí yìnyín lọ́hùn-ún ni ọgbọ́n yìí ti hàn kedere jù. Irin náà kì í gún gbọọrọ, ó máa ń tẹ̀, rédíọ́ọ̀sì, ìyẹn ìdajì fífẹ̀ òbìrìkítí tí ìtẹ̀ irin náà jẹ́ apá kan rẹ̀, ni wọ́n sì fi ń wọn bó ṣe tẹ̀ tó. Ti pápá gígùn, tí ìyípo kan jẹ́ mítà 400, sábà máa ń wà láàárín mítà 21 sí 25. Ti pápá kúkúrú, tí kọ́nà rẹ̀ há, máa ń jẹ́ bíi mítà 8 sí 11. Àwọn tó ń jó lórí yìnyín ń lo nǹkan bíi mítà 2. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí rédíọ́ọ̀sì bá jẹ́ mítà 22, ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí àárín irin kò gbé sókè ju nǹkan bíi mìlímítà 0.9 lọ. Bó bá jẹ́ mítà 8, ó di mìlímítà 2.5. Bí rédíọ́ọ̀sì bá ṣe tóbi tó ni irin ṣe ń kan yìnyín tó, eré á máa lọ tààrà. Bó bá kéré, ó rọrùn láti ṣẹ́ kọ́nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Bí fífẹ̀ táyà méjì àárín bá jẹ́ mìlímítà 80, tí tiwájú àti tẹ̀yìn jẹ́ 76, mìlímítà 2, ìdajì ìyàtọ̀ wọn, ni àwọn tó wà létí fi gbé sókè. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa yí po lórí sìmẹ́ǹtì tó dán, ó sì dùn lẹ́sẹ̀ gan-an. Àmọ́ táyà méjì péré ló gbé yín dúró. Tí eré bá ti pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ibẹ̀ ni Èkìtì ti yàtọ̀. Ilẹ̀ olókè ni tiwa, kò pẹ́ tí ọ̀nà fi ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, eré á sì pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fẹ́. Nítorí náà, èyí tó tẹ́jú ni mo ní kí ẹ rà, pàápàá fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kó ní búrékì onírọ́bà ní gìgísẹ̀; èyí tí kò bá ní, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, tó sì ní ilẹ̀ tó tẹ́ tó máa ti jó, kó ra èyí tó tẹ̀.

Sikéètì onítáyà mẹ́ta ńláńlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 110 tàbí 125, yá jọjọ, ṣùgbọ́n ó gbé èèyàn ga sókè. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà tó ní A lẹ́yìn lára táyà, òun ló ń sọ bí táyà ṣe le tó. 78A rọ̀ ju 85A lọ: kì í jẹ́ kí ọ̀dà tó rí ṣákaṣàka gbọn ẹsẹ̀ jù, àmọ́ ó tètè ń jẹ.

Tòkunbọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ gbé e sórí táìsì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ìka yí táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń yí fàlàlà kò kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ tiwájú àti tẹ̀yìn ló ń yí, èyí tó tẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọ̀kan láàárín, táyà ló ti jẹ, ẹ yọ owó pààrọ̀ rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ṣàrà-ṣàrà, bẹ́ríǹ ni. 608 ni nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ẹ lè fi bèèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bẹ́ríǹ.