Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò wa, lẹ́yìn sáà méjì

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7, wọ kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò wa ni mo ti fẹ́ kọ àgbéyẹ̀wò yìí, àmọ́ ká ní mo kọ ọ́ nígbà náà ni, èébú lásán ni ẹ̀yin òbí tí ẹ ń wá ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ yín ì bá bá níbẹ̀. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri tàbí iye kíláàsì tó wà nínú ọgbà, nítorí ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀ yóò fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn, orí àpò ìwé ni mo ti bá ọmọ mi lẹ́yìn géètì, ó káwọ́ mọ́ orúnkún, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ọgbà àfi ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Wọ́n ti tú ilé ẹ̀kọ́ ká ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú àkókò nítorí pé àwọn olùkọ́ ní ìpàdé, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀ṣọ́ náà fi àga rẹ̀ lọ ọmọ mi, ọmọ mi kọ̀ ọ́ nítorí mo ti kìlọ̀ fún un nípa àwọn tí kò mọ̀. Ọkùnrin náà wá gbé àga síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa tó o, ó sì jókòó tì í láti òkèèrè títí mo fi dé. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ ọ́fíìsì lọ. Akọ̀wé tó wà nídìí fèrèsé kò gbójú kúrò nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó ń fi rúlà fa ìlà sí. Mo kí i, ó dáhùn, mo sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá, a ti lẹ ìkéde mọ́ ògiri." Mo béèrè pé ògiri wo. Ó ní ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo rán an létí àkọlé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sẹ́nu géètì, pé òbí kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fi rúlà sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ máa béèrè." Kí ni kí n béèrè? Báwo ni èèyàn ṣe ń béèrè ìkéde tí kò mọ̀ pé ó wà?

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tẹ́tí sí mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbà pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi, ó kọ ẹjọ́ mi sínú ìwé ńlá kan, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, inú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ ni wọn yóò máa kọ gbogbo ìkéde sí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó tẹ̀ lé e, ara ògiri ló tún wà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé tún burú ju èyí lọ. Tí wọ́n bá ti lu agogo òwúrọ̀, wọ́n á ti géètì, ọmọ tó bá wà níta yóò sì dúró níbẹ̀ títí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yóò fi parí. Ìwé kíkà sì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ náà. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà, tàbí tí kò rí ẹni tètè jí i, ni ó sábà máa ń pẹ́, òun kan náà sì ni kì í rí ẹni bá a kàwé nílé. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní ọdún 1989 sọ ní abala 28 pé kí ìjọba ṣe ohun tí yóò mú kí ọmọ máa lọ sílé ẹ̀kọ́ déédéé, kí ìbáwí ilé ẹ̀kọ́ má sì tàbùkù iyì ọmọ. N kò rí bí títi géètì mọ́ ọmọ ọdún 6 ṣe bá èyí mu. Nígbà tí mo sọ ọ́, igbákejì ọ̀gá dá mi lóhùn pé òbí ló ń jẹ́ kí ọmọ pẹ́. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ti òbí mọ́ ìta, kí ọmọ wọlé. Kò rẹ́rìn-ín.

Bí inú mi ṣe rí nìyí lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi, tí mo rí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ síbẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, màmá, ẹ yà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́rú lẹ́yìn tí a bá jáde." (Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan gba ọ̀nà tí wọ́n ṣèlérí dé ọ̀dọ̀ mi níkẹyìn.) Ìjà ni mo gbé lọ.

Olùkọ́ náà fún mi ní àga, ó fi ọmọ mi sáàárín wa, ó sì ṣí ìwé kíkà wọn fún un. Ọmọ mi kà á geere: "Ajá lé ológbò. Ológbò gun igi." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kà á fún mi ní alaalẹ́, tí mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan. Ó fi pépà funfun kan bo àwòrán, ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà, àmọ́ èmi ló ń wò, kò wo ìwé. Olùkọ́ wá ṣí pépà náà kúrò, ó fi pẹ́ńsù kọ gbólóhùn kan sórí rẹ̀, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Ohun tó kọ ni "Ológbò lé ajá." Ọmọ mi fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kà á sókè ketekete: "Ajá lé ológbò."

Ìjà tí mo gbé wá tán lára mi. Ọmọ mi kò mọ̀wé kà. Ó ti há gbogbo ìwé náà sórí ni. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti wá, tí mo ń san owó gọbọi fún, kò fún un ní máàkì tó rẹlẹ̀ sí 80 nínú 100 rí nínú ìwé kíkà, èmi náà sì jókòó tì í lálaalẹ́ láìfura.

Olùkọ́ kò sọ fún un pé ó ṣì í. Ó béèrè pé, "Ta ni mo kọ́kọ́ dárúkọ níbí?" ó sì pa ẹnu mọ́. Mo fẹ́ dáhùn, ó na ìka kan sí mi pé kí n dákẹ́. Mo kà á nínú ọkàn mi dé mẹ́jọ kí ọmọ tó sọ pé, "Ajá kì í gùn tó báyìí." Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ láwọn ọdún 1970 pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá bi ọmọ ní ìbéèrè, àti pé tí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ a máa gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn rárá a sì máa dín kù. Mo gba àṣẹ, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì obìnrin yìí lọ́jọ́ méjì: ọmọ 46 ló wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń dúró.

Ó yọ ọmọ márùn-ún tí ọ̀rọ̀ wọn jọra sọ́tọ̀, ọmọ mi sì wà lára wọn. Láàárọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ náà máa ń rìn lọ sẹ́nu géètì, á sì fa èyíkéyìí nínú wọn tí wọ́n bá ti mọ́ ìta lọ́wọ́ wọlé. Igbákejì ọ̀gá a máa ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ní ìparí sáà àkọ́kọ́, ọmọ mi gba 41 nínú ìwé kíkà. Ní ìparí èkejì, ó gba 58, mo sì gba 58 náà gbọ́ ju gbogbo 80 àtijọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán báyìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Síbẹ̀, ẹ má gbọ́ tèmi kí ẹ máa sáré lọ forúkọ sílẹ̀. Nínú kíláàsì kejì kan náà, lẹ́yìn ògiri, olùkọ́ mìíràn wà tí kì í wá déédéé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kàn ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ láti àárọ̀ títí wọn yóò fi jáde. Akọ̀wé ló ń pín ọmọ sí kíláàsì, kì í sì í bi òbí. Ilẹ̀kùn márùn-ún ló wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, méjì ló ń ṣí. Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ fi èsì ìdánwò tí wọ́n kọ́ sára ògiri sílẹ̀, nítorí irú ilé tí àwọn ọmọ ti wá ni ó máa ń sọ jù, kì í sọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ fi kún wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ ọmọ tó gba máàkì tó kéré jù hàn yín, kí ẹ wò ó bóyá olùkọ́ kọ ohun tí ọmọ náà ṣì síbẹ̀, àbí ó kàn fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀.

Máàkì tí mo fún ilé ẹ̀kọ́ náà ni 2 nínú 5. Mo ti gba fọ́ọ̀mù fún àbúrò ọmọ mi. Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n lẹ ọjọ́ tí a máa dá a padà mọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ló sọ fún mi.