Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré tí mo tò fúnra mi: ibi tí ariwo ti ń wá gan-an

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó lé mi débẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ tóbi bí àpótí aṣọ, abẹ́ tábìlì ló ń gbé, ó sì ń hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe, mo máa ń gba ohùn sílẹ̀, mo máa ń gé fídíò, ẹ wo ara yín níwájú máíkì kẹ́ ẹ máa gbọ́ fáànù yín nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ooru mú un níbẹ̀, fáànù wá ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe pinnu nìyẹn pé màá to tuntun, kó kéré débi tí á fi jókòó sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkíríìnì, kó sì dákẹ́ débi tí máíkì ò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ohun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi ni pé kékeré àti ìdákẹ́jẹ́, orogún ni wọ́n. Bí kéèsì (àpótí tó gbé gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sínú) bá ṣe ń kéré sí i ni àyè irin tó ń gba ooru ń dín kù, irin kékeré ò lè gba fáànù ńlá, fáànù kékeré sì gbọ́dọ̀ sáré kó tó lè fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀, inú eré yẹn gan-an lariwo ń gbé. Tẹ́ ẹ bá sọ eré fáànù di ìlọ́po méjì, ariwo ẹ̀ á fi bíi 15 dB (ìwọ̀n ariwo) lé sí i, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tó ń fẹ́ ò ní ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ wá yí i padà, ẹ dín eré kù sí ìdajì, ìdajì atẹ́gùn lẹ pàdánù, àmọ́ ariwo á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Gbogbo nǹkan tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn, orí ìṣirò yìí ni mo gbé e lé.

Kéèsì tí mo rà ni Cooler Master NR200, lítà 18.25. Mo mọ̀ pé àwọn kan á yọ ṣùtì sí i, wọ́n á ní èyí kọ́ là ń pè ní kékeré, ṣebí DAN A4-SFX wà tó jẹ́ lítà 7.2 péré. Òótọ́ ni, ó sì wù mí gan-an, díẹ̀ ló kù kí n rà á. Ohun tó dá mi dúró ni pé heatsink (irin tó ń gba ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó bá ga ju mìlímítà 48 lọ ò lè wọnú ìyẹn, NR200 á sì gba èyí tó ga tó mìlímítà 155. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbà kó gba àyè díẹ̀ sí i lórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì ṣeé fà yọ lọ́wọ́ lásán, kò sọ pé kẹ́ ẹ mú screwdriver wá, ihò wínníwínní ló sì wà lára irin ẹ̀ káàkiri, atẹ́gùn ń wọlé ó ń jáde. Èmi tí mo ti tú u palẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá, mi ò lè yin fífà yọ yẹn tán.

Nínú ẹ̀ báyìí: motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, ti mini-ITX (170 × 170 mm, ìwọ̀n tí VIA gbé jáde lọ́dún 2001), prósẹ́sọ̀ Ryzen 7 5800X, graphics card RTX 3060 Ti (káàdì tó ń ya àwòrán síkíríìnì), SSD méjì (ibi ìpamọ́ iṣẹ́ tí kò ní ohun tó ń yí). Hádì dísìkì àtijọ́ mi ò bá wa wọlé o, yíyí tó ń yí yẹn máa ń gbọ̀n gbogbo tábìlì, inú páálí ló wà, ìgbà tí mo bá fẹ́ kó iṣẹ́ pa mọ́ nìkan ni mò ń so ó. Power supply, èyí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ SFX, àwọn kékeré tó jẹ́ 125 × 100 × 63.5 mm. Àkọ́kọ́ tí mo rà, mi ò ní dárúkọ wọn, fáànù ẹ̀ ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò látàárọ̀ dalẹ́, kódà tí kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan. Mo dá a padà, mo gba Corsair SF750, tíṣẹ́ ò bá pọ̀ fáànù ẹ̀ kì í yí rárá.

Àṣìṣe mi tó tóbi jù rèé. Mo rí heatsink pẹlẹbẹ kan tó ga mìlímítà 37, ó rẹwà, mo ní ṣebí kọ̀ǹpútà kékeré ni, nǹkan kékeré ló yẹ ẹ́. 5800X kì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́ o, 105 W ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wá, á fà tó 142 W. Mo ní kó gbé fídíò kan jáde, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dé dígírì 90, ibẹ̀ sì ni òpin tiẹ̀, kò ní kọjá ẹ̀, ṣe lá bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ara ẹ̀ kù. Fáànù kékeré orí ẹ̀ wá ń ké bíi súfèé. Ṣé èyí tí mo ní kó dákẹ́ yìí ló wá pariwo ju àpótí aṣọ mi àtijọ́ lọ? Ó pariwo jù ú lọ. Ẹ̀rín ni mo kàn rín.

Ohun tí mo fi rọ́pò ẹ̀ ni Noctua NH-D12L, àwọn ará Ọ́sítríà yẹn tí àwọ̀ fáànù wọn dà bíi kòkó tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ó ga mìlímítà 145, ó ku mẹ́wàá kó kọjá ohun tí kéèsì lè gbà, fáànù 120 mm kan ṣoṣo ló sì wà láàárín irin ẹ̀ méjèèjì. Kíkó o wọlé ló fẹ́ pa mí. Wáyà tó ń gbé iná fún prósẹ́sọ̀, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kọ́nà òkè motherboard nihò ẹ̀ wà, tí heatsink bá sì ti jókòó tán, ìka èèyàn ò lè débẹ̀ mọ́. Èmi ò mọ̀. Mo ti fi thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ bọ́ sára irin) sí i, mo ti dè é le, inú mi ti ń dùn, kí n tó rí orí wáyà yẹn tó ń wò mí láti ìta. Mo fẹnu há tọ́ọ̀ṣì, mo fi tweezers tì í, mo fi ìdí bírò tì í, ó dé ẹnu ihò ó tún yẹ̀, àtàǹpàkò mi bó lára irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn (ó mú bí abẹ, ẹ ṣọ́ra o), nígbà tó yá mo tú gbogbo ẹ̀, mo nu thermal paste kúrò, mo ki wáyà bọ ihò ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mo wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ni kó kọ́kọ́ wọlé.

Lẹ́yìn náà mo wọ BIOS (ibi ètò tó wà nínú motherboard fúnra ẹ̀), mo dín iná tí prósẹ́sọ̀ lè fà kù láti 142 W sí 88 W. Ìyẹn nìkan ṣe ju gbogbo owó tí mo ná lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Fídíò tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ń gba bíi mẹ́wàá àtààbọ̀ báyìí, ooru ò sì kọjá nǹkan bíi dígírì 70 mọ́. Ooru tí ẹ ò jẹ́ kó wáyé rárá, kò sí fáànù tó máa sáré torí ẹ̀.

Síbẹ̀ ó ṣì ń bí mi nínú. Tí mo bá kàn ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, vùùù, fáànù gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, mo ṣí òmíràn, vùùù. Bí àwọn Ryzen wọ̀nyí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, iṣẹ́ kékeré kan lè gbé ooru wọn fò sókè ní dígírì mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀ kó tún wálẹ̀, fáànù á máa sá tẹ̀ lé e bí ọmọ ajá. Ariwo tó bá dúró sójú kan, etí á gbàgbé ẹ̀, èyí tó ń lọ sókè sódò lẹ ò ní lè fara dà. Mo wá ní kí BIOS fi fáànù sórí yíyí 600 ní ìṣẹ́jú kan gbọnrangandan títí ooru á fi dé 65, kó sì máa ní sùúrù ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó fi kún eré. Ó tán.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo omi. Fáànù lè dúró tí kò bá síṣẹ́, páǹpù omi ò lè dúró láé, màá sì máa gbọ́ ọ lóru. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi mí sílẹ̀.

Ó wá ku graphics card, òun ló le jù. 3060 Ti, 200 W ni wọ́n pè é, fáànù tó bá a wá kéré, wọ́n sì tún wà nínú ike tó bò wọ́n. Mo kọ́kọ́ dín fóólù ẹ̀ kù, mo fi sí 0.85 V ní 1800 MHz, ó wá ń fà bíi 150 W, géèmù ò sì mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wèrè mi bẹ̀rẹ̀: mo tú ike yẹn kúrò, mo tú fáànù tó bá a wá, ó ku irin ẹ̀ ní ìhòòhò, mo wá to fáànù 120 mm méjì sísàlẹ̀ kéèsì kí wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn tútù láti ìta lọ tààrà sára irin náà. Ẹ mọ̀ pé wáráńtì ti lọ nìyẹn o, kẹ́ ẹ má wá bú mi. Orí wáyà fáànù ara graphics card kéré ju ti motherboard lọ, ẹ máa nílò wáyà asopọ̀ kékeré kan kí káàdì fúnra ẹ̀ lè máa darí fáànù. Mo tún gé fóòmù dí àlàfo tó wà láàárín fáànù àti irin, torí atẹ́gùn ọ̀lẹ ni, ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn láá gbà. Kí n tó ṣe èyí, tí mo bá ń ta géèmù ooru ẹ̀ ń dé 76, eré fáànù sì ń kọjá 2000. Báyìí ó ń dúró sí 64, fáànù ò sì dé 900.

Mo tan án, mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí, ùùùn, bí ìgbà téèyàn fẹ́ ẹnu ìgò. Fáànù tó ń fa atẹ́gùn, tó bá sún mọ́ irin oníhò jù, á máa hu bẹ́ẹ̀. Mo fi férémù tó nípọn bíi mìlímítà márùn-ún sáàárín wọn, ohùn yẹn lọ. Ó kù tík-tík-tík kan lẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, mo ti fẹ́ dá fáànù ẹ̀yìn lẹ́bi tán, àṣé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wá láti bọ́tìnì iwájú ló ń fi etí kan abẹ fáànù.

Bí gbogbo ẹ̀ ṣe dákẹ́ tán ni graphics card bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀. Kọ́ìlì iná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn, kò sì ní oògùn. Ó máa ń le jù níbi mẹ́nù géèmù, níbi tí fírémù (iye àwòrán tí káàdì ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ti ń sáré lọ sí 400 lásán láìnídìí. Mo fi òpin sí i ní 120, ó rọlẹ̀, àmọ́ tí mo bá sún etí mọ́ ọn mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Tí mo bá ń kọ nǹkan tàbí tí mò ń gba ohùn sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ibi tí mo jókòó sí, máíkì náà ò gbọ́. Tó bá ń gbé fídíò jáde, atẹ́gùn jẹ́jẹ́ ni. Eruku ni ìṣòro mi, fáànù ìsàlẹ̀ ń fa gbogbo ohun tó bá wà lórí tábìlì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń fọ àsẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Mini-ITX náà, ihò RAM méjì péré, ihò káàdì kan, ohun tẹ́ ẹ bá rà lónìí lẹ máa lò lọ. Ẹni tó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló ń wá, kó ra kéèsì ńlá jàre, wàhálà ẹ̀ ò tó ìdajì tèmi. Ẹni tó bá sì fẹ́ kékeré bíi tèmi, kó wọn graphics card ẹ̀ dáadáa kó tó sanwó, 330 mm ni NR200 gbà.

Wáyà tó ń kan fáànù ẹ̀yìn yẹn, zip tie kan ṣoṣo ló ṣì dì í mú.