Ẹ̀yin olólùfẹ́ Bach, ẹ wá gbọ́ Shostakovich yìí

Ẹni tó bá ti jókòó ti dùrù ṣọ́ọ̀ṣì rí á mọ Bach, ará Jámánì tó kọ orin ayé àtijọ́ nì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé àwọn olórin ayé òde òní náà kọ prelude (orin kúkúrú tó ń ṣíwájú) àti fugue (orin tí ohùn ń tẹ̀ lé ara wọn) tó tẹ̀ lé e. Àwo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni 24 Preludes and Fugues, Op. 87, ti Dmitri Shostakovich, òǹkọ orin ará Rọ́ṣíà, èyí tí Tatiana Nikolayeva, ará Rọ́ṣíà bíi tiẹ̀, fi piánò tẹ̀ fún Hyperion, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwo, ní 1990. CD mẹ́ta ni, owó mi ò sì dùn mí.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá ti Nikolayeva ni. Lọ́dún 1950, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí igba ọdún tí Bach kú, òun ló gbégbá orókè nínú ìdíje piánò ní Leipzig, Shostakovich sì wà lára àwọn adájọ́. Bí bàbá yẹn ṣe padà délé ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 1951, ó ti parí. Nikolayeva yìí kan náà ló kọ́kọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ ní gbangba, ní Leningrad, 1952. Ẹ máa gbọ́ ọ nínú ìtẹ̀ rẹ̀ pé orin náà ti mọ́ ọn lára. Kì í kánjú.

Nínú fugue, ohùn kan á dá orin. Bó bá ti dá a tán, ìkejì á gbà á, àkọ́kọ́ ò sì ní dákẹ́, ìkẹta á tún wọlé. Bí Bach ṣe ń ṣe é nìyẹn, Shostakovich ò sì yí i padà. Àmọ́ ẹ gbọ́ nọ́ńbà 1: látòkè délẹ̀ fugue yẹn, ọwọ́ ò kan dúdú kankan lórí piánò, funfun nìkan ni, síbẹ̀ kì í ṣe orin ọmọdé rárá. Nọ́ńbà 7 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o. Fugue rẹ̀ ń dún bíi fèrè àwọn sójà láàárọ̀, kò síbi tí ohùn kan ti ń bá èkejì jà. Tí ẹ bá wá bọ́ sí 15, ìjà dé! Ní nọ́ńbà yìí, mo gbà pé ọwọ́ Nikolayeva wúwo díẹ̀. Ti Keith Jarrett, ọ̀gá jazz nì, fúyẹ́ jù ú lọ.

Ẹ má fi áàpù ọ̀fẹ́ gbọ́ ọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò ń ki ìpolówó bọ àárín prelude àti fugue rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ńṣe ni púpọ̀ nínú wọn so mọ́ra láìdúró. Ẹ lo ìgbọ́rọ̀ etí tó dáa pẹ̀lú, torí prelude 12 ń ti ìsàlẹ̀ pátápátá gbéra, sípíkà fóònù ò sì lè gbé e.

Ó lé ní wákàtí méjì ààbọ̀, ẹ má gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá sì ń wá orin tí á kàn máa dún lẹ́yìn níbi tó ti ń dáná, kó má wulẹ̀ rà á.